ÌTỌ́JÚ ÀWỌN ARÚGBÓ LÁÀÁRÍN WA, LÁTI ÌGBÀ ÀWỌN BABA WA TÍTÍ DI ÒNÍ

Nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó tọ́, ó sì yẹ, kí a ka orúkọ àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, kí a sì dúpẹ́ fún ilé tí wọ́n kọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí a kì í sábà kọ sínú ìwé ìrántí bí irú èyí, èyí nì ni bí a ti ṣe ń tọ́jú àwọn tí ó ru òkúta àti igi ilé náà, nígbà tí ọwọ́ wọn kò lè gbé ife omi dé ẹnu mọ́. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ ní ṣókí, nítorí ó kan Ọ̀rẹ̀, ó kan Odigbó, ó sì kan olúkúlùkù wa tí ń gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn.

Ní ọdún 1875 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oǹdó. Ní 1877 ni Charles Phillips dé síbẹ̀, ẹni tí a yà sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ní ìgbà náà, igbó kìjikìji ni ó wà láàárín ìlú Oǹdó àti omi ọ̀sà, nínú igbó yìí kan náà ni ilẹ̀ Ọ̀rẹ̀ àti ti Odigbó wà. Kò sí ilé-ìwòsàn, kò sì sí nọ́ọ̀sì. Bí baba tàbí ìyá bá darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ilé-ìwòsàn rẹ̀. Àkọ́bí obìnrin a máa wẹ̀ ẹ́, ìyàwó ilé a máa se ẹ̀kọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ a sì máa sùn ní ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀ kí ó lè pe àgbà bí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn àgbà kò ṣàì pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ìtọ́jú yìí kún fún ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ìfẹ́ nìkan kò lè dá egbò dúró lára ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo láti àárọ̀ di alẹ́. Ìfẹ́ nìkan kò kọ́ ọmọ pé bí ó bá fún ìyá tí rọpárọsẹ̀ mú ní oúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, oúnjẹ náà lè gba ọ̀nà èémí lọ. Èyí tí ó burú jù ni pé nígbà tí arúgbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, tí ó ń sọ ìsọkúsọ lóru, tí kò sì mọ ọmọ tí ó bí mọ́, àwọn kan a máa pè é ní àjẹ́. Aláìsàn ni, ṣùgbọ́n a sọ ọ́ di ọ̀tá ilé.

Nígbà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé ilẹ̀ wa, àwọn aboyún àti ọmọ ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ nà ọwọ́ sí. Ní 1930 ni ìjọba ṣe òfin àwọn agbẹ̀bí. Ó di 1947 kí a tó ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí Ìjọ Áńgílíkà dá ilé-ìwòsàn sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, Ilé Abíyè ni a pè é. Láàárín àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti Ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣe iṣẹ́ ńlá fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Imẹ̀sí-Ilé, iṣẹ́ tí a kọ́ àpẹẹrẹ rẹ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè. Ní 2009 pàápàá, ètò tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi gba ìyìn ni ètò Abíyè, fún aboyún àti ọmọ.

A kò ráhùn sí èyí, nítorí ìdí pàtàkì wà fún un: ikú ń pa àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tí a gbà là ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kò dúró ní ọmọdé. Wọ́n dàgbà, wọ́n gbin kòkó, wọ́n la igi gẹdú, wọ́n kọ orin nínú ìjọ, wọ́n sì di arúgbó. Ìtọ́jú tí ó pàdé wọn ní ẹnu ọ̀nà ìbí kò tíì dúró dè wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ogbó.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò ní ọlọ́gbọ́n nínú iṣẹ́ náà. Ìyáàfin Kofoworola Abeni Pratt, tí a bí ní 1915, tí ó sì kàwé ní C.M.S. Girls' School ní Èkó, kọ́kọ́ ṣe olùkọ́. Ní 1946 ó lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ilé-ìwòsàn St Thomas', níbi tí Florence Nightingale ti dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní 1860. Òun ni ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ di mátírọ́nù ní U.C.H., Ìbàdàn, ní àárín àwọn ọdún 1960.

Ní Ìbàdàn kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nípa àìsàn ìgbàgbé àwọn arúgbó ní àdúgbò Ìdìkàn, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ìròyìn wọn ti 2001 fi hàn pé nínú 100 ẹni tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹni 1 àti díẹ̀ lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, ó sì ju 3 lọ ní Indianapolis. Kò pọ̀ láàárín wa tó tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà, àìsàn ni, a sì lè kà á bí a ti ń ka àìsàn mìíràn. Kò ní ọwọ́ àjẹ́ nínú. Ní oṣù November 2012 ni a ṣí Chief Tony Anenih Geriatric Centre ní U.C.H., ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti 1930 di 2012 jẹ́ ọdún 82. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti pẹ́ tó láti ìgbà tí òfin ti gba agbẹ̀bí títí di ìgbà tí a kọ́ irú ilé yìí fún arúgbó.

Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó kò sí ní ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn. Ojú ọ̀nà ńlá ni Ọ̀rẹ̀ wà. Ọ̀nà yìí mú ogun wá ní 1967, ó sì mú ọjà wá lẹ́yìn ogun. Ọ̀nà yìí kan náà ni ó ń kó àwọn ọmọ wa lọ sí Èkó, sí Benin àti sí òkè òkun. Owó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ṣùgbọ́n owó kì í yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ-ọmọ tí ì bá sùn ní ẹ̀gbẹ́ ẹní àgbà ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Àwọn kan yóò wí pé ìtìjú ni kí a mú àjèjì wọ iyàrá wá láti tọ́jú ìyá ẹni. A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n a bèèrè: ta ni ó wí rí pé ọkọ kò fẹ́ràn aya rẹ̀ nítorí pé ó pe agbẹ̀bí? Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gba ipò ọmọ. Òun ni yóò kọ́ ọmọ láti yí ìyá rẹ̀ padà ní wákàtí méjì méjì, láti gbé orí rẹ̀ sókè kí ó tó jẹun, láti wẹ egbò kí ó tó jinlẹ̀. Òun ni yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, tí yóò sì ṣọ́ oògùn kí a má baà lo ìlọ́po méjì.

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì jẹ́rìí pé Ìjọ àkọ́kọ́ kò fi ìtọ́jú àwọn opó sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ráyè. Wọ́n yan ènìyàn méje sí i. Ẹ jẹ́ kí àwa náà yàn. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí ó ti fẹ̀yìn tì ń jókòó láàárín wa ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ gbogbo arúgbó ìjọ tí kò lè jáde nílé mọ́, kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, kí ìbẹ̀wò wa sì ní ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ nínú pẹ̀lú àdúrà.

Àwọn tí yóò ka ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì yóò bèèrè ohun tí a ṣe. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n rí i kà pé ìjọ tí ó gbà wá ní ọjọ́ ìbí wa kò ti ilẹ̀kùn mọ́ wa ní ọjọ́ ogbó wa.