Láti Orí Ẹyọ Dé Orí Ìlà: Ìtàn Bí Kálíkúlọ́ọ̀sì Ṣe Wọ Inú Ẹ̀kọ́ Nípa Pápá Iná Mànàmáná

Ìfáárà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú ìdánrawò ìkọ́ni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń ṣe níwájú ara wọn kí a tó rán wọn jáde lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ọmọkùnrin kan kọ E = 2kλ/r sí ojú pátákó. Ó ṣàlàyé pé E ni pápá iná mànàmáná, pé λ ni iye ṣáàjì tó wà lórí mítà kan lára ìlà, pé r ni ìjìnnà wa sí ìlà náà, àti pé k ni nọ́ńbà tí kì í yí padà nínú òfin Coulomb. Ọmọbìnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo ni ìlà náà ṣe gùn tó?" Olùkọ́ ọjọ́ náà wo pátákó, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, kò rí lẹ́tà kankan tó dúró fún gígùn. Ó ní kí ó jókòó, pé ìbéèrè náà kò sí nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè yẹn ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Èrò wa ni pé òfin kúkúrú tí ọmọkùnrin náà kọ jẹ́ ìparí ìrìn-àjò tó gba ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn tó rin ìrìn náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ ṣáàjì kan, wọ́n sì ń rò ó pọ̀ mọ́ èkejì títí wọ́n fi dé orí ìlà. Àwa olùkọ́ ti yí ètò náà po: ìparí ni a ń kọ́kọ́ gbé fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í sì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọgbọ́n inú òwe yìí ni kálíkúlọ́ọ̀sì ń lò, bí àmì rẹ̀ tilẹ̀ ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Okùn Gray àti ìwọ̀n Coulomb

Okùn tó ní ṣáàjì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ òfin tó ń darí rẹ̀. Ní 1729, Stephen Gray, aláró kan láti ìlú Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òwú sílíìkì gbé okùn gígùn kan kọ́ sókè. Ó rí i pé agbára tó wà lára gíláàsì tí a fi ọwọ́ ra ń gba ara okùn náà kọjá lọ sí ìjìnnà tó lé ní 600 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó sì ń fa àwọn nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ra ní òpin kejì. Gray mọ̀ pé agbára wà níbẹ̀. Kò mọ bí a ṣe lè wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó wọ̀n ọ́n ni Charles-Augustin de Coulomb, onímọ̀-ẹ̀rọ àwọn ológun Faransé, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní erékùṣù Martinique níbi tó ti ń bójú tó kíkọ́ odi. Ní 1785 ó gbé ìwọ̀n kan jáde tó ń fi lílọ́ wáyà díwọ̀n agbára. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan rọ̀ sórí wáyà fàdákà tó tín-ín-rín. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà ní orí abẹ́rẹ́ náà, òmíràn sì dúró ṣinṣin ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá fún àwọn méjèèjì ní ṣáàjì kan náà, wọn yóò ti ara wọn, wáyà yóò sì lọ́. Nígbà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù méjèèjì fi dígírì 36 jìnnà síra, wáyà sì lọ́ ní dígírì 36. Coulomb wá fi ọwọ́ lọ́ wáyà náà láti òkè títí ìjìnnà fi di dígírì 18: àpapọ̀ lílọ́ di 144. Ó tún lọ́ ọ títí ìjìnnà fi di 8½: àpapọ̀ di 575½. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dáadáa: 36, 144, 575½. Ìgbàkígbà tí ìjìnnà bá dín sí ìdajì, agbára ń di ìlọ́po mẹ́rin, tàbí kí ó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí yẹ lójú pátákó ju òfin tí a fà yọ láti inú wọn lọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kékeré méjì péré ni wọ́n sọ̀rọ̀ nípa wọn. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa okùn Gray.

Ohun tí Newton ti ṣe sílẹ̀

Ọgbọ́n tí a nílò láti ti orí bọ́ọ̀lù dé orí okùn ti wà nílẹ̀ kí Coulomb tó bẹ̀rẹ̀, inú ẹ̀kọ́ nípa ojú ọ̀run ló sì wà. Nínú ìwé Principia tó jáde ní 1687, Isaac Newton bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó jọ ti ọmọbìnrin wa: bí gbogbo ìrù kékeré inú ayé bá ń fa èso tó já bọ́, láti ibo ni kí a ti wọn ìjìnnà? Ó gé ayé sí ẹ̀là kéékèèké, ó ro ìfàmọ́ra gbogbo wọn pọ̀, ó sì fi hàn pé àpapọ̀ náà rí bí ẹni pé gbogbo ẹrù ayé kóra jọ sí àárín gbùngbùn. Ó tún fi hàn pé inú ìkarahun róbótó tó ṣófo kò ní ìfàmọ́ra kankan láti ara ìkarahun náà. Nígbà tí Newton ń ṣe èyí, ó lo àwòrán ju àmì lọ. Àmì tí a ń lò lónìí, ∫, ti ọwọ́ Leibniz wá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1675. Lẹ́tà S tí a fà gùn ni, tó dúró fún ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí àpapọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ èyí kò ní máa wo àmì náà bí oògùn.

Ìṣírò Newton yìí ló kọ́kọ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Benjamin Franklin ti rí i pé bọ́ọ̀lù kékeré tí a sọ̀ kalẹ̀ sínú agolo onírin tó ní ṣáàjì kì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Joseph Priestley gbọ́, ó rántí ìkarahun Newton, ó sì kọ ọ́ ní 1767 pé ó ṣeé ṣe kí agbára iná máa dín kù pẹ̀lú ìjìnnà gẹ́gẹ́ bí ìfàmọ́ra ayé ṣe ń dín kù. Ọdún 18 kí Coulomb tó wọn ohunkóhun nìyẹn. Henry Cavendish náà dán irú rẹ̀ wò lọ́nà tó péye, ṣùgbọ́n ó fi í pamọ́ sínú àpótí rẹ̀ títí Maxwell fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1879.

Bí a ṣe ń ro ìlà pọ̀

Ẹ jẹ́ kí a pe ibi tí a dúró sí ní P, kí ìjìnnà P sí ìlà jẹ́ d. Ẹ ya òbìrí kan tí P wà ní àárín rẹ̀, tó sì kan ìlà náà ní ibi kan ṣoṣo. Ẹ wá fa ìlà méjì tó súnmọ́ra gidigidi jáde láti P. Wọn yóò gé ẹ̀là kékeré kan lára òbìrí, wọn yóò sì gé òmíràn lára ìlà. Ẹ̀là ara ìlà gùn ju ti ara òbìrí lọ, ó sì jìnnà jù ú lọ. Bí a bá fi òfin Coulomb ṣe ìṣírò rẹ̀, ohun tí gígùn fi kún agbára ni ìjìnnà yọ kúrò, láìṣẹ́ku rárá. Ẹ̀là méjèèjì ń ti ohun tó bá wà ní P pẹ̀lú agbára kan náà. Nítorí náà a lè gbé ìlà sọnù, kí a fi apá òbìrí tó wà láàárín orí rẹ̀ méjèèjì dípò rẹ̀.

Bí ìlà bá ń gùn sí i, apá òbìrí náà ń tóbi sí i, ṣùgbọ́n kò lè ju ìlàjì òbìrí lọ láé, bí ìlà ìbáà tilẹ̀ lọ dé òpin ayé. Bí a bá ro agbára ìlàjì òbìrí pọ̀, tí a sì yọ àwọn tó ń pa ara wọn rẹ́ lọ́tùn-ún lósì, 2kλ/d ló kù. Ibi tí gígùn sá sí nìyẹn. Kò sí lẹ́tà fún un nítorí pé a ti kọ́kọ́ gbà pé ìlà náà kò lópin.

Olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ kò tíì mọ kálíkúlọ́ọ̀sì lè lo kákúlétọ̀. Ẹ mú ọ̀pá tó gùn ní mítà 2, kí P wà ní ìdajì mítà sí àárín rẹ̀, kí a sì mú kλ bí 1. Bí a bá ka gbogbo ọ̀pá náà sí ẹyọ kan ṣoṣo tó kó jọ sí àárín, ìdáhùn jẹ́ 8. Bí a bá gé e sí méjì, ìdáhùn já sí 2.83. Gé e sí mẹ́rin, ó di 3.54, gé e sí mẹ́jọ, ó di 3.58, kò sì ní kúrò nítòsí ibẹ̀ mọ́, nítorí pé ìdáhùn tí kálíkúlọ́ọ̀sì gan-an fún wa ni 3.58. Òfin tí ọmọkùnrin yẹn kọ sí pátákó yóò sọ pé 4. Àṣìṣe náà kò pọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sún P sẹ́yìn dé mítà 2, òfin náà yóò sọ pé 1, nígbà tí òótọ́ jẹ́ 0.447. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ 1 sílẹ̀ ti sọ ohun tó ju ìlọ́po méjì òótọ́ lọ, olùkọ́ tó bá sì ń fi òfin nìkan máàkì yóò fún un ní gbogbo máàkì.

Nígbà tí ìlà ṣáájú ẹyọ

Ìtàn kan wà tó gba ọ̀nà òdìkejì. Ní 1820, lẹ́yìn tí Oersted ní Denmark ti kéde pé wáyà tí iná ń gbà kọjá ń yí abẹ́rẹ́ òòfà, Biot àti Savart ní Paris wọn agbára òòfà tó yí wáyà gígùn ká. Wọ́n rí i pé bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, agbára náà ń di ìdajì. Kì í di ìdá mẹ́rin. Laplace ló tọ́ka sí i pé bí àpapọ̀ wáyà bá ń hu irú ìwà yìí, ẹ̀là kékeré kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé òfin ìdá mẹ́rin. Òòfà ni ọ̀rọ̀ wọn, kì í ṣe ṣáàjì tó dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ìṣírò kan náà ni. Ó tún fi hàn pé ẹni tó mọ ìrópọ̀ lè tú u padà.

Ọlọ́lọ Nottingham

Ìṣòro tó kù ni pé agbára ní ìdojúkọ, ìrópọ̀ ohun tó ní ìdojúkọ a sì máa le. Ní Paris, Poisson ti ṣe iṣẹ́ ńlá ní 1812 lórí bí ṣáàjì ṣe ń pín ara rẹ̀ sí ojú irin. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà síwájú jù lọ kì í ṣe ará Paris, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. George Green ni, ọmọ oníbúrẹ́dì tó ní ọlọ alátẹ́gùn ní Sneinton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nottingham. Ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ ní kékeré kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ. Ó ń lọ ọkà, ó sì ń ka ìwé. Ní 1828 ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí lílo ìṣírò fún ẹ̀kọ́ iná mànàmáná àti òòfà. Ènìyàn 51 ló san owó sílẹ̀ fún un, bóyá ni díẹ̀ nínú wọn sì fi lóye rẹ̀. Nínú ìwé náà ló ti sọ ohun kan ní orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní, ìyẹn pòtẹ́ńṣíà: nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ibì kọ̀ọ̀kan, tí kò ní ìdojúkọ. A ó kọ́kọ́ ro àwọn nọ́ńbà pọ̀, kí a tó wá fà agbára yọ láti inú wọn.

Green kú ní 1841. Ní 1845, William Thomson, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Cambridge, rí ẹ̀dà ìwé náà gbà, ó gbé e lọ sí Paris, lẹ́yìn náà ni a sì tún un tẹ̀ sínú jọ́nà ìṣírò kan ní Jámánì láti 1850. Lójú tiwa, ìtàn yìí yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ṣáájú kí ó tó gbọ́ orúkọ Gauss.

Ọ̀nà àbùjá ni òfin tí a fi orúkọ Gauss pè. Gauss ti lo irú èrò bẹ́ẹ̀ ní 1813 fún ìfàmọ́ra àwọn ohun tó rí bí ẹyin. Bí a bá fojú inú ya àgbá yí ìlà tí kò lópin ká, ìlà méjì péré ni ìṣírò yóò gbà. Òótọ́ ni òfin náà fún ọ̀pá kúkúrú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí pé pápá náà kò dọ́gba káàkiri ara àgbá. Ìrópọ̀ nìkan ló kù fún ẹni tó ní ọ̀pá kúkúrú.

Okùn abẹ́ òkun

Ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lópin dé nígbà tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ okùn tẹlígíráàfù sí abẹ́ òkun: wáyà bàbà láàárín, gutta-percha, ìyẹn oje igi tó jọ rọ́bà, lára rẹ̀, omi òkun lóde. Ní 1854, Thomson kan náà ro pòtẹ́ńṣíà irú okùn bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì mọ iye ṣáàjì tí mítà kọ̀ọ̀kan yóò gbé mì kí ìròyìn tó kọjá. Ìṣírò rẹ̀ fi hàn pé bí okùn bá gùn ní ìlọ́po méjì, ìdádúró ìròyìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Whitehouse, tó ń bójú tó iná fún ilé-iṣẹ́ okùn Àtìláńtíìkì, kò gbà. Nígbà tí okùn náà délẹ̀ ní 1858, iṣẹ́ ọlọ́rọ̀ 98 tí Ọbabìnrin Victoria rán sí Amẹ́ríkà gba nǹkan bí wákàtí 16. Whitehouse fi iná líle tì í, okùn náà sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èyí tó dúró dé ní 1866. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1886, irú okùn bẹ́ẹ̀ so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù.

Okùn yẹn gùn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ìjìnnà láti wáyà bàbà rẹ̀ dé ibi tí omi òkun ti bẹ̀rẹ̀ kò sì tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Bí ọmọbìnrin wa bá béèrè nípa irú rẹ̀, ìdáhùn ni pé ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí gígùn rẹ̀ kò fi ní í ṣe pẹ̀lú pápá tó yí wáyà náà ká mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá orí tábìlì wa ló ń béèrè nípa rẹ̀, kí a fún un ní rúlà kí ó wọ̀n ọ́n.