Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ó Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Obìnrin

Bí Yorùbá bá wí pé “ó ti dé”, ẹni tí ó gbọ́ kò lè mọ̀ bí ọkùnrin ni ó dé tàbí obìnrin, àfi bí a bá dárúkọ onítọ̀hún. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. “He” ni ti ọkùnrin, “she” ni ti obìnrin. Kí wá ni kí ẹni tí ń kọ òfin tàbí ìwé ìlànà iṣẹ́ ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bá wí?

Àwọn ará ìgbàanì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí èyí dà wọ́n láàmú. “They”, tí í ṣe ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni wọ́n máa ń fi pe ẹnì kan tí wọn kò mọ̀. Ó ti ju 600 ọdún lọ tí irú èyí ti wà nínú ìwé wọn. Kò yẹ kí ó ya àwa lẹ́nu, àwa tí ń fi “wọ́n” pe bàbá kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ọ̀wọ̀ ni tiwa. Àwọn onígírámà ni wọ́n kọ̀ ọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí wọ́n ní “he” ni kí a máa lò fún tọkùnrin tobìnrin. Ó pani lẹ́rìn-ín pé obìnrin kan, Ann Fisher, olùkọ́ ní Newcastle, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìlànà yìí sínú ìwé.

Ní 1850, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ìlànà náà di òfin, kí ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin lè kúrú: ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ́ ti akọ kó abo mọ́ra, àfi bí òfin kan bá sọ ní gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí a fi dán an wò. Òfin ìdìbò ti 1867 fún “man” tí ó bá ní ilé ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. John Stuart Mill ti bẹ ilé ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi “person” rọ́pò ọ̀rọ̀ náà. 73 ló gbè é, 196 ló kọ̀. Ṣùgbọ́n òfin 1850 ṣì wà nílẹ̀, àwọn obìnrin sì dì í mú. Ní Manchester nìkan, obìnrin tí ó ju 5,000 lọ ní kí a kọ orúkọ àwọn sínú ìwé àwọn olùdìbò. Ẹjọ́ wọn dé kóòtù ní 1868. Chorlton v Lings ni a mọ̀ ọ́n sí. Kí ni àwọn adájọ́ wí? Wọ́n ní “man” kò kó obìnrin mọ́ra níbí yìí, nítorí pé òfin ilẹ̀ náà kò ka obìnrin mọ́ olùdìbò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin tí ó ní ilé ń san owó ilé fún ìjọba ìlú, láìsí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè gírámà.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Kánádà. Òfin 1867 tí ó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ní “person” tí ó bá yẹ ni kí a yàn sí ilé ìgbìmọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n “he” ni ó fi to ohun tí ń mú un yẹ. Ní 1928 ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ níbẹ̀ ní obìnrin kò sí lára wọn. Obìnrin márùn-ún láti Alberta gbé ọ̀rọ̀ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Lord Sankey sì dá wọn láre ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá, 1929.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kéde ní 2007 pé òun yóò yẹra fún “he” tí a ń pè ní ti gbogbo ènìyàn nígbà tí òun bá ń kọ òfin tuntun. Tiwa ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ti 1964 lórí ìtumọ̀ òfin ṣì ní irú gbólóhùn 1850 náà nínú.

Ọmọ Yorùbá tí ń kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ ní Gẹ̀ẹ́sì lè sọ “àwọn òṣìṣẹ́” dípò “òṣìṣẹ́”, tàbí kí ó bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ tààrà: “ẹ pa iná náà.” Ní èdè tiwa, akọ àti abo kò dí wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí a má yọ̀ jù. “Ó” wa kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, kò sì ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára irin. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Kí òṣìṣẹ́ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ dúró ná.” Ta ni kí ó dúró, òṣìṣẹ́ ni tàbí ẹ̀rọ? Ìka ọwọ́ ènìyàn wà nínú ìdáhùn. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á tún orúkọ náà pè: “kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dúró ná.”