Ẹsẹ̀ Tí Ó Mọ̀nà: Hakeem Ọlájùwọ́n, Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Di Ọ̀gá

Kì í ṣe ohun àjèjì létí àwa ará Ìlá, ọmọ Ọ̀ràngún, ọmọ ogbó-mi-mọ̀nà, pé irinṣẹ́ a máa ṣamọ̀nà ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Nítorí ohun tí àwọn bàbá wa ń pa ní ìtàn ni pé nígbà tí baba ńlá wa, Fágbàmílà Àjàgúnńlà, fi Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀, ogbó, irú àdá kan tí ó mú dání, ni ó ń fi ọ̀nà hàn án nínú ẹgàn, àti pé láti ibẹ̀ ni orúkọ náà, Ìgbómìnà, ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá ń wo àwòrán Hakeem Ọlájùwọ́n nídìí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ọkùnrin tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹsẹ̀ oníjó.

Èkó ni a gbé bí i ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń gbá ní èwe, ilé ni wọ́n sì fi í ṣọ́. Ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́, títí ó fi di ọmọ nǹkan bí ọdún 15 ní Muslim Teachers College kí ó tó dé ìdí apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ pé olùkọ́ kan fẹ́ fi bí a ti í ki bọ́ọ̀lù bọ apẹ̀rẹ̀ láti òkè hàn án, ni olùkọ́ bá gun àga, ó sì kì í bọ̀ ọ́. Nígbà tí ó kan Hakeem, òun náà wá àga, ó gùn ún. Ó ṣe bí ẹni pé àga wà lára eré náà ni! N kì í rántí rẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ọmọ-iṣẹ́ gidi ti í ṣe nìyẹn: ohun tí ọ̀gá bá ṣe ni òun náà yóò ṣe, àti èyí tí ó nídìí àti èyí tí kò nídìí.

Ní ọdún 1980 ó dé yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn eré ìdárayá Fonde tí ó wà ní ìlú náà ni wọ́n ti là á lójú, níbi tí Moses Malone, ògbóǹtarìgì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká tì í kiri nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Ara Malone ni ó ti kọ́ ìfaradà. Ẹsẹ̀ ni ti Hakeem fúnra rẹ̀, pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó sì ti mú un wá. Yóò kọ ẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀, yóò mi èjìká sí ọ̀tún, ẹni tí ń ṣọ́ ọ yóò tẹ̀ sí ọ̀tún. Kí onítọ̀hún tó padà, ó ti yí sí òsì. Bí ó bá sì bá a níbẹ̀, yóò gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni fẹ́ jù ú, yóò jẹ́ kí ẹni náà fò, yóò sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Dream Shake ni wọ́n sọ ọ́.

Ọdún 18 ni ó fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ó gba ife fún ẹgbẹ́ Houston Rockets ní 1994 àti 1995, àti wúrà Òlíńpíìkì fún Amẹ́ríkà ní 1996. Bọ́ọ̀lù 3,830 ni ó sì gbá dànù lójú ọ̀nà apẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní NBA láti ìgbà tí wọ́n ti ń kà á.

Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé; Ọlájùwọ́n kò fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì ní 2002, Ọlájùwọ́n kò gba ipò olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ NBA kankan, ẹlòmíràn sì lè torí èyí sọ pé kì í ṣe akọ́ni. Èmi kò gbà, nítorí àwọn ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù NBA ni ó ń kọ́. Kobe Bryant, tí ó ti gba ife mẹ́rin, wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní 2009. Dwight Howard tẹ̀ lé e ní 2010. LeBron James dé ní 2011, lẹ́yìn tí wọ́n na ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àṣekágbá, ó sì gba ife rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún kejì.

Ẹni tí ó bá mọ agbo ilé àwọn agbẹ́gilére ní Ìlá kò ní ṣe háà pé ọ̀gá tún padà di ọmọ-iṣẹ́. Lámídì Fákẹ́yẹ tiwa, ọmọ agbẹ́gilére tí ó ti ń gbẹ́ igi láti kékeré, kò tijú láti tún lọ di ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Aréògún ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1949, kí òun náà tó wá di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Nídìí igi gbígbẹ́, ọnà lílé ni ó ṣáájú, àlétúnlé tẹ̀ lé e, kí a tó dán an, kí a tó fín in. Ẹni tí ó bá fo ọ̀kan, ère rẹ̀ yóò tú u fó. Ẹni tí ó ti mọ fínfín tán, tí ó tún padà wá béèrè ọnà lílé, òun ni Kobe.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ mìíràn ti tọ ọ̀nà akọ́nimọ̀ọ́gbá gan-an, èyí tí Ọlájùwọ́n kò tọ̀: Ime Udoka, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, mú Boston Celtics dé àṣekágbá NBA ní 2022; Rena Wakama, tí òun náà ti gbá fún wa, kó àwọn obìnrin Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní 2023.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìlá, bí ẹ bá rí ọmọ kan tí ó ga fíofío, tí wọ́n fi ń ṣọ́ ilé bọ́ọ̀lù nítorí pé wọn kò mọ ibòmíràn tí wọn ì bá fi í sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ fún un. Bí ó bá sì béèrè àga, ẹ má bú u.