Ẹ̀kan

Ẹ̀kan, tí orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Imperata cylindrica, jẹ́ koríko kan nínú ẹbí Poaceae, ẹbí kan náà tí àgbàdo, ìrẹsì àti ìrèké wà. Ó ń hù ní Áfríkà, Éṣíà, Ọsirélíà àti gúúsù Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó wọ́pọ̀ ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, irú bí agbègbè Ìwó àti Ilé-Ogbó, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédìrẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí a bá ṣán igbó tí a sì ń dáná sun ún léraléra, ẹ̀kan lè gba gbogbo ilẹ̀ náà.

Ìrísí

Ewé ẹ̀kan máa ń yọ láti inú ilẹ̀ tààrà, bí ẹni pé kò ní igi rárá. Ó sábà máa ń ga tó 30 sí 120 sẹ̀ǹtímítà, etí rẹ̀ sì mú. Iṣan funfun kan gba inú ewé náà kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ní àárín gan-an. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì rọ̀ bí òwú. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri.

Abẹ́ ilẹ̀ ni agbára ẹ̀kan wà. Ohun tí ó dà bí gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó le, ó ní oríkèé bí ìrèké, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì mú. Ní ti sáyẹ́ǹsì, igi tí ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ni, kì í ṣe gbòǹgbò. Ìdí nìyí tí ègé kékeré tí ó ní oríkèé fi lè hù padà.

Ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀kan àti àwọn koríko tí ó jọ ọ́

Andropogon gayanus: ìdì kan ni ó máa ń hù. Iṣan ewé rẹ̀ wà ní àárín, ìsàlẹ̀ ewé náà sì tín-ín-rín bí ẹni pé ó ní ọrùn. Òdòdó rẹ̀ pín sí méjì-méjì.

Panicum maximum: òun náà ń hù ní ìdì. Òdòdó rẹ̀ ní ẹ̀ka tí ó tàn káàkiri, kò sì dà bí òwú.

Pennisetum polystachion: òdòdó rẹ̀ gùn róbótó bíi ti ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ní irun gán-n-gán tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí tí ó jọ ti ilẹ̀. Igi rẹ̀ hàn síta.

Eésún, Pennisetum purpureum: nígbà tí ó bá kéré nìkan ni a lè ṣì í mú. Bí ó bá dàgbà, igi rẹ̀ a nípọn bí ìrèké, a sì ga ju ènìyàn lọ.

Bí kò bá sí òdòdó, kí a wo iṣan ewé, kí a sì wú u wò. Bí a bá rí ọ̀pá funfun ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹ̀kan ni.

Ìpalára

Ẹ̀kan máa ń gún iṣu nínú ebè, ojú ọgbẹ́ náà sì ni ìdíbàjẹ́ ti ń wọlé. Ó tún ń gún àgbẹ̀ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Àṣìmú rẹ̀ léwu, nítorí pé ohun tí ó ń pa koríko onídìí kì í pa á. Iná a jó ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n ti abẹ́ ilẹ̀ a yè. Ọkọ́ a gé e sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan a sì hù.

Ní Amẹ́ríkà, Grand Bay ní Alabama ni ẹ̀kan kọ́kọ́ dé ní nǹkan bí ọdún 1912, nínú koríko tí wọ́n fi di ẹrù láti Japan. Ó ti wọ inú igbó igi páìnì ní gúúsù ilẹ̀ náà.

Ìkápá

Ẹ̀kan kò fẹ́ràn òjìji. Nítorí náà, ohun ọ̀gbìn tí ó ń bo ilẹ̀ lè dín agbára rẹ̀ kù. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù Orílẹ̀-èdè Benin bẹ̀rẹ̀ sí í gbin Mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ara, láti bò ó mọ́lẹ̀.