Orí Ìtàgé Ni Wọ́n Ti Bí Orin King Crimson

Láàárín àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní progressive rock, èrò kan wà tó ti pẹ́ nílẹ̀: pé inú àwo ni orin náà wà, pé ẹni tó bá ti ra àwo, tó jókòó tì í nílé, tó sì gbọ́ ọ délẹ̀, kò tún sí ohun tó kù fún un láti gbọ́. Lójú wọn, ẹni tó lọ wo àwọn olórin náà lójúkojú kàn lọ kí wọn ni. Èrò náà kò ṣàdédé wá. Orin yìí gùn, ó díjú, ẹyọ orin kan lè gba odindi ojú àwo, ó sì rọrùn láti rò pé inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ nìkan ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn King Crimson, ẹgbẹ́ olórin ìlú London, láti 1969 títí dé 2021, a ó rí i pé ojú agbo ni wọ́n ti ń pilẹ̀ orin wọn, tí àwo sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹni tó ti ń gbọ́ wọn fún ogójì ọdún kó tó fojú kàn wọ́n, ojúlówó iṣẹ́ náà ló lọ bá níbẹ̀.

Ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé fún ìdánrawò, nínú yàrá abẹ́ ilé oúnjẹ kan ní Fulham Palace Road. Nígbà tó di ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, wọ́n ti ń ṣeré fún èrò ní ilé ijó Speakeasy. Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, wọ́n gorí ìtàgé ní Hyde Park ṣáájú Rolling Stones, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ikú Brian Jones tó jẹ́ ọ̀kan lára Rolling Stones tẹ́lẹ̀, níwájú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn tí kò san kọ́bọ̀ láti wọlé. Àwo wọn àkọ́kọ́ kò jáde títí di ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá. Ìyẹn ni pé odindi oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó lè rà á lọ́jà ni èrò púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ orin náà. Lára ohun tí wọ́n gbọ́ ni Mellotron tí Ian McDonald ń tẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn jọ dùùrù lójú, ṣùgbọ́n téèpù ló kún inú rẹ̀. Abẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan tí ìka ń tẹ̀ ni téèpù kan wà tí wọ́n ti gba ohùn violin tàbí ti fèrè sí. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, téèpù á máa sá lọ. Bí ó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ó tán, àfi kí olórin gbé ìka kúrò kí sípíríǹgì lè fà á padà. Bí agbára iná mànàmáná bá rẹlẹ̀ díẹ̀, ohùn náà á wọ́ sílẹ̀. Ohùn ńlá tó ń dún bí ogunlọ́gọ̀ olórin yẹn, ìjàkadì ọwọ́ èèyàn kan pẹ̀lú ẹ̀rọ oníjàǹbá ni. Àwo bo ìjàkadì náà mọ́lẹ̀; ẹni tó dúró níwájú ìtàgé rí i.

Ẹnìkan lè dáhùn pé bí ti King Crimson bá rí bẹ́ẹ̀, ti àwọn yòókù kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Yes ń ṣe Close to the Edge ní 1972, ègé ègé ni wọ́n gbà á sílẹ̀ tí wọ́n fi gé téèpù lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó kọ́ bí wọn yóò ṣe lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, Pink Floyd ti ń ṣeré Dark Side of the Moon káàkiri láti oṣù Kìíní, àwo náà kò sì jáde títí di oṣù Kẹta 1973. Ọ̀nà méjèèjì wà, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ohun tó wú mi lórí ni pé Bill Bruford, onílù tó bá Yes lu àwo alábùlẹ̀ yẹn, ló kúrò lọ́dọ̀ wọn kété tí wọ́n parí rẹ̀, tó lọ sọ́dọ̀ King Crimson.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí ti nípọn. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, 1973, wọ́n ṣeré ní gbọ̀ngàn Concertgebouw ní Amsterdam. Wọ́n gba eré náà sílẹ̀, wọ́n yọ àtẹ́wọ́ kúrò, wọ́n sì fi apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe àwo Starless and Bible Black tó jáde ní 1974. Ẹni tó rà á nígbà náà rò pé iṣẹ́ sítúdíò lòun ń gbọ́. Lára rẹ̀ ni orin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n pè ní Trio. Violin, gìtá béèsì àti Mellotron nìkan ló ń dún níbẹ̀. Bruford jókòó síbi ìlù rẹ̀, ó fi ọ̀pá ìlù dábùú àyà, kò lù ú rárá. Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ni orin náà, wọ́n kọ tirẹ̀ mọ́ wọn, nítorí pé dídákẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí orin náà dùn. Etí kò lè gbọ́ èyí nínú àwo. Ojú nìkan ló lè rí i. Bákan náà ni orin mìíràn, Starless. John Wetton tó ń ta béèsì ti gbé ìpìlẹ̀ orin yẹn wá ṣáájú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á. Orí ìtàgé ní 1974 ni wọ́n ti tún un ṣe lálaalẹ́ títí ó fi gbó, kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀ fún àwo Red. Kí Red tó jáde, Robert Fripp, onígìtá wọn, ti tú ẹgbẹ́ náà ká.

Nígbà tí wọ́n padà ní 1981, ìlù wọn ti yí padà, ọ̀dọ̀ tiwa sì ni ọ̀kan nínú orísun ìyípadà náà wà. Brian Eno àti ẹgbẹ́ olórin Talking Heads ti fara balẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta, nígbà tí wọ́n ń ṣe Remain in Light ní 1980. Adrian Belew ta gìtá nínú àwo yẹn, ó sì bá wọn rìnrìn àjò eré. Òun ló di akọrin King Crimson lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ilé ijó kékeré kan ní ìlú Bath ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán orin tuntun náà wò ní oṣù Kẹrin. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwo rẹ̀ tó dé ọjà.

Àtakò tó le jù ni èyí: pé ẹgbẹ́ tó padà sórí ìtàgé ní 2014 kì í ṣe King Crimson mọ́, pé Fripp nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn ti 1969, pé àwọn arúgbó àti àjèjì ló ń kọrin ìgbà èwe àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé pé McDonald àti onílù Michael Giles kúrò ní oṣù Kejìlá 1969, lẹ́yìn ìrìn àjò wọn àkọ́kọ́ sí Amẹ́ríkà. Bí pípààrọ̀ èèyàn bá ń pa orúkọ, orúkọ yìí ti kú kó tó pé ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe àjèjì pátápátá: Mel Collins tó ń fọn fèrè ti wà níbẹ̀ ní 1970, Jakko Jakszyk tó ń kọrin sì ti wo wọ́n lórí ìtàgé nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọn kò tilẹ̀ ṣe àwòkọ. Wọ́n gbé onílù mẹ́ta síwájú, Pat Mastelotto, Gavin Harrison àti Bill Rieflin, wọ́n kó àwọn tó kù sórí pèpéle gíga lẹ́yìn. Ìlù tí ẹnì kan ṣoṣo ń lù ní 1974, ẹni mẹ́ta ń pín in láàárín ara wọn, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, èkejì á gbà á, ẹ̀kẹta á parí rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo ìyáàlù àti omele lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ̀ pé ojú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí etí tó lè ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ní sáà yẹn, wọn kì í gba ẹnikẹ́ni láyè láti ya fọ́tò lásìkò eré. Àwọn kan bínú sí i, wọ́n ní ẹni tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun ìrántí. Èmi wà lẹ́yìn àwọn olórin. Ẹgbẹ́ náà máa ń gba eré wọn sílẹ̀ fúnra wọn nígbà náà, wọ́n sì ti ń tà wọ́n fún olólùfẹ́ láti àwọn ọdún 1990, nítorí náà ìtàn kò sọnù. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ojú àti etí èèyàn fún wákàtí díẹ̀. Bí eré bá parí, Tony Levin tó ń ta béèsì á gbé kámẹ́rà tirẹ̀ sókè, ìyẹn ni àmì pé gbogbo ilé lè yọ fóònù.

Iná funfun lásán ló máa ń wà lórí ìtàgé wọn nígbà náà, kì í ṣẹ́jú, kì í yí. Starless nìkan ni wọ́n máa ń yí i fún. Ní ibi tí gìtá Fripp ti ń ta ohùn kan náà léraléra, tí béèsì àti ìlù ń gun òkè lábẹ́ rẹ̀, pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wọlé, á máa ṣókùnkùn sí i, títí gbogbo olórin á fi pọ́n bí ẹyin iná. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, 2021, ní Orchard Hall ní Tokyo, orin yẹn ni wọ́n fi parí. Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ King Crimson lórí ìtàgé láti alẹ́ ọjọ́ náà.