Ọṣẹ Dúdú ní Ilẹ̀ Yewa

Ní ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, igi ọ̀pẹ kò wọ́n láàrin Ìlaró àti Ayétòrò, èyí sì mú kí àwọn obìnrin mọ ọṣẹ dúdú ṣe dáadáa. Wọn a sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ti kòkó lẹ́yìn tí kòkó dé, di eérú. Wọn a kó o sínú ajere, ìyẹn ìkòkò oníhò, wọn a da omi lé e, wọn a sì se omi eérú tó bá kán sílẹ̀ pọ̀ mọ́ àdín, epo inú èkùrọ́, títí yóò fi di ọṣẹ. Pọtásíọ̀mù inú eérú ló ń mú kí ọṣẹ náà rọ̀.

Báyìí ni ọṣẹ ṣe ń fọ ọ̀rá: ẹyọ tíntìntín kọ̀ọ̀kan inú ọṣẹ, tí ojú lásán kò lè rí, ní orí tó fẹ́ràn omi àti ìrù tó ń sá fún un. Bí wọ́n bá pọ̀ tó nínú omi, wọn a kó ìrù jọ sínú, wọn a kọ orí síta, wọn a sì gba ọ̀rá mọ́ àárín. Ọdún 1913 ni James McBain, onímọ̀ kẹ́mísìrì, dábàá irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ọwọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ti wà kí àlàyé rẹ̀ tó dé inú ìwé.