Sẹ́dà Bursa àti Àrán Ítálì

Láti ìgbà tí àwọn Ottoman, ìyẹn àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Tọ́kì, ti gba Bursa ní 1326 ni ìlú náà ti ń di ojúkò ọjà sẹ́dà. Láti Íránì ni ràkúnmí ti ń ru òwú rẹ̀ wá. Àwọn oníṣòwò Genoa, Florence àti Venice á rà á, wọ́n á kó o lọ fáwọn ahunṣọ ìlú wọn. Tó bá yá, òwú kan náà lè padà wọ ààfin Súlútánì, ó ti di àrán olówó iyebíye.

Níbi àrán ni Ítálì ti gbawájú. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń hun ún tí irun rẹ̀ á ga níbì kan, tí á lọ sílẹ̀ níbòmíràn, tí òwú wúrà á sì yọ bí ìkọ́ kéékèèké láàárín rẹ̀. Àwọn Súlútánì kò fi ìfẹ́ wọn sí i pa mọ́: ọ̀pọ̀ ẹ̀wù àrán tó kù ní ààfin Topkapı, ní Istanbul, Ítálì ni wọ́n ti hun ún.

Bursa náà kò káwọ́ gbera. Àrán tiwọn ni çatma, tó ní òwú wúrà àti fàdákà nínú. Irun rẹ̀ sábà máa ń dọ́gba, ṣùgbọ́n ọnà ara rẹ̀ fẹ̀, èrò ẹ̀yìn pàápàá lè rí i lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ẹrú ló hun púpọ̀ nínú aṣọ Bursa. Ọ̀gá á bá ẹrú ṣe àdéhùn pé tó bá ti hun iye aṣọ báyìí tán, ó dòmìnira. Ó fi díẹ̀ jọ ìwọ̀fà, àmọ́ gbèsè kọ́ ló dè é mọ́lẹ̀.

Ìjọba kò fojú kékeré wo òwò yìí. Nígbà tí ẹjọ́ aṣọ tí kò dára tó pọ̀, òfin ọjà Bursa ti 1502 là á sílẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n hun aṣọ. Nígbà tí Súlútánì Selim Kìíní gbógun ti Íránì ní 1514, ó fòfin de sẹ́dà ibẹ̀; Bursa àti Ítálì jọ jìyà rẹ̀ ni, títí ọmọ rẹ̀ Süleyman fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Ọnà ara aṣọ ló wá ṣòro láti pín. Èso pómégíránétì wà lórí aṣọ Bursa, ó wà lórí ti Venice. Nígbà tí òdòdó túlípù gbòde ní Istanbul, àwọn ahunṣọ Ítálì náà hun ún fún oníbàárà wọn níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kì í fi gbára lé òdòdó. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n ń yí wò, bí wọ́n ṣe lọ́ òwú, bí wọ́n ṣe hun etí rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn aṣọ kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣì kọ “Ítálì tàbí Tọ́kì” sí lára.